Àwo tí mo gbàgbé láti fi fọ́ìlì wé

Iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta ni mo fọwọ́ ara mi bàjẹ́ ní yàrá ìwádìí wa ní Ìlú Ọba níhìn-ín. Porphyrin ni mò ń lò, ẹbí kan náà pẹ̀lú èròjà tó ń mú kí ẹ̀jẹ̀ wa pupa, mo sì so ó mọ́ ṣúgà kan kí sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ lè tètè gbé e mì. Nínú òkùnkùn, oògùn náà kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣe sẹ́ẹ̀lì ní nǹkan; ṣùgbọ́n bí ìmọ́lẹ̀ bá kàn án, yóò gbé agbára ìmọ́lẹ̀ náà fún ọ́síjìn tó wà nítòsí, èyí tí yóò wá máa ba sẹ́ẹ̀lì jẹ́ láti inú wá.

Ìdí nìyí tí a fi ń lo àwo méjì tí sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ wà nínú àwọn ihò wọn: a ń tan iná pupa sí ọ̀kan, a sì ń fi fọ́ìlì wé èkejì, kí ó lè dá wa lójú pé ìmọ́lẹ̀ ló ṣiṣẹ́, kì í ṣe májèlé lásán. Èkejì yìí ni mo gbàgbé sórí tábìlì lábẹ́ iná àjà lálẹ́ àná.

Nígbà tí mo da MTT sí i lónìí, omi aláwọ̀ ìyeyè tí sẹ́ẹ̀lì alààyè máa ń sọ di elésè àlùkò, àwọn ihò tí kò ní oògùn di elésè àlùkò tó ṣú. Àwọn tó ní oògùn kò yí àwọ̀ padà rárá: sẹ́ẹ̀lì inú wọn ti kú. Ọ̀gá mi kàn rẹ́rìn-ín, ó ní ó kéré tán, oògùn náà ń jẹ́. Lọ́la, màá kọ́kọ́ pa iná àjà ná kí n tó ṣí ìgò.