"Níbo lẹ wà gan-an?"

Ọ̀kun o, ẹ̀yin ènìyàn mi. Lánàá, láàárín Ọbàjànà sí Kàbbà, tírélà kan ṣubú dábùú ọ̀nà níwájú wa. Mọ́tò-bọ́ì rẹ̀ há sínú. Mo pe 122, nọ́ńbà àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó. Wọ́n gbé e kíá, àmọ́ ìbéèrè kan ṣoṣo ni wọ́n ń bi mí: "Ẹ̀gbọ́n, níbo lẹ wà gan-an?"

Kí ni kí n wí? Igbó lọ́tùn-ún, igbó lósì. Ìyá oníṣu kan ló já fóònù gbà lọ́wọ́ mi: "Ẹ kọjá afárá kejì, ẹ̀bá ibi tí wọ́n ti ń sun èédú!"

Ọlọ́pàá ló kọ́kọ́ dé. Áńbúláǹsì dé tẹ̀lé e, kò ráyè kọjá, torí àwa awakọ̀ (èmi náà wà ńbẹ̀, ẹ má bú mi) ti dí ọ̀nà pa lọ́tùn-ún lósì. Kí wọ́n tó fẹsẹ̀ rìn débẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ ti fi jáàkì àti igi yọ ọmọ náà. Ẹsẹ̀ ló kán. Ó ń sọ̀rọ̀.

Lálẹ́, àbúrò mi tó ń gbé ní Virginia l'Amẹ́ríkà pè mí, mo sì ròyìn rẹ̀ fún un. Ó ní lórí I-495, ọ̀nà márosẹ̀ tiwọn, apá kan wà láti 2012 tí awakọ̀ ń sanwó kó tó gbà á: bí ọkọ̀ bá ṣe ń pọ̀ ni owó ń gòkè, kámẹ́rà sì ń ṣọ́ ọ. Àwa wó tóògéètì ìjọba àpapọ̀ ní 2004. Bí wọ́n bá dá a padà, màá san. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ ri òpó onínọ́ńbà tí a ó fi máa mọ ibi tí a wà mọ́lẹ̀ fún wa, torí ìyá oníṣu kì í ná ọjà lójoojúmọ́.