Ìwé àkọsílẹ̀ Màmá nọ́ọ̀sì

Ní ìparí ọdún ẹ̀kọ́ tí ó kọjá, èmi àti àwọn òbí mìíràn jókòó sábẹ́ igi máńgòrò ní ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ girama kan ní Kétu, a ń pàtẹ́wọ́ fún àwọn tí wọ́n ń pè síta láti wá gba ẹ̀bùn. Wọ́n pe ọmọ tí ó ṣe ipò kìn-ín-ní ní kíláàsì kọ̀ọ̀kan, wọ́n pe olùkọ́ ìṣirò, wọ́n pe àwọn tí ó gbá bọ́ọ̀lù, wọ́n tilẹ̀ pe bàbá tí ó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, ó sì tọ́ sí wọn. Ẹnì kan ṣoṣo ni wọn kò pè. Ẹni náà wà lẹ́yìn gbogbo wa, níbi tí wọ́n ti ń fi omi tútù nu ojú ọmọdébìnrin kan tí òòyì ń kọ́ nítorí oòrùn.

Kì í ṣe pé mo fẹ́ bá àwọn alákòóso ilé-ẹ̀kọ́ náà wíjọ́, nítorí pé èmi pàápàá kò rántí Màmá, bí gbogbo ọmọ ṣe ń pè wọ́n, títí tí mo fi bojú wẹ̀yìn. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ilé-ẹ̀kọ́ kì í hàn sí ojú. Olùkọ́ lè fi máàkì ọmọ han òbí, ṣùgbọ́n kí ni nọ́ọ̀sì yóò nawọ́ sí, ṣé ibà tí kò di gìrì ni, àbí egbò tí kò kẹ̀, àbí ọmọ tí kò pa kíláàsì jẹ? Ó sì yẹ kí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ yé àwa ará Kétu ju ẹlòmíràn lọ, àwa tí a ń fi Akaba Ìdènà, ẹnubodè àtijọ́ ìlú wa, ṣògo fún àlejò, nítorí pé ohun tí ẹnubodè kò jẹ́ kí ó wọlé ni a fi ń mọ̀ pé ó ṣiṣẹ́.

Ọmọbìnrin mi ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde. Ẹni tí ó bá ní irú ọmọ bẹ́ẹ̀ nílé mọ ohun tí àsìkò ọyẹ́ ń fi ojú wa rí, nígbà tí òtútù òwúrọ̀ bá mú, tí eruku ilẹ̀ pupa yìí sì gba ojú ọ̀run. Òtútù, òùngbẹ, àárẹ̀ àti ibà ni ó máa ń ru ìrora náà sókè, nítorí náà ọmọ gbọ́dọ̀ máa mu omi láti òwúrọ̀ títí di alẹ́, ẹni tí ó bá sì ń mu omi tó bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ máa jáde lọ tọ̀. Ní ilé-ẹ̀kọ́ tí ó ti kọ́kọ́ lọ, èyí tí n kò ní dárúkọ, olùkọ́ kan gbà pé ọ̀lẹ ni ó ń ṣe, kò sì jẹ́ kí ó máa jáde. Ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í fi òùngbẹ pamọ́ kí ó má baà tọrọ àyè. Lọ́dún yẹn, bí a bá ṣírò gbogbo ọjọ́ tí ó fi sùn nílé àti ní ilé ìwòsàn pọ̀, ó lé ní oṣù kan.

Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tí ó dé ọ̀dọ̀ Màmá, wọ́n ránṣẹ́ pe èmi àti ìyá rẹ̀. Wọ́n bi wá léèrè oògùn tí ó ń lò, ohun tí ó máa ń kọ́kọ́ ṣe é kí ìrora tó dé, àti ẹni tí a lè pè bí a kò bá sí nílé. Wọ́n kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, lẹ́yìn náà ni wọ́n lọ bá àwọn olùkọ́ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n sọ fún olùkọ́ eré ìdárayá pé kí ó má ṣe fi eré sísá dá a lágara, ṣùgbọ́n kí ó má sì ṣe lé e kúrò láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀. Wọ́n ní bí ara rẹ̀ bá gbóná, tàbí bí àyà bá ń dùn ún, tàbí bí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ bá ṣàdédé funfun, kí ẹnikẹ́ni má ṣe dúró de aago ìparí iṣẹ́, ilé ìwòsàn ni kí wọ́n gbé e lọ. Ìgò omi ọmọ náà kì í kúrò lórí tábìlì rẹ̀ mọ́. Ní ọdún yẹn, kò pàdánù ju bí ọ̀sẹ̀ kan lọ.

Irú ìṣirò ọjọ́ báyìí gan-an ni ó sọ nọ́ọ̀sì ilé-ẹ̀kọ́ di ohun tí ìjọba gbà pé ó pọn dandan ní Amẹ́ríkà. Ní ìlú New York nígbà náà, dókítà a máa wá yẹ àwọn ọmọ wò, a sì lé ẹni tí ó bá ní iná orí, làpálàpá, kúrúnà tàbí àrùn ojú tí ń ràn padà sílé, láìsí ẹni tí yóò tọ́jú rẹ̀ níbẹ̀. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1902, nọ́ọ̀sì kan tí ń jẹ́ Lillian Wald yọ̀ǹda ọ̀kan lára àwọn tí ó ń bá a ṣiṣẹ́, Lina Rogers, pé kí ó fi oṣù kan ṣiṣẹ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ mẹ́rin kí wọ́n wò ó. Lina ń wẹ egbò, ó ń tọ́jú ojú, ó sì ń bá àwọn ọmọ délé láti kọ́ ìyá wọn ní ohun tí ó yẹ kí ó ṣe. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1902, kí Lina tó bẹ̀rẹ̀, 10,567 ni iye ìgbà tí wọ́n lé ọmọ sílé, ṣùgbọ́n ní oṣù kan náà ní ọdún 1903, ó ti wálẹ̀ sí 1,101.

Màmá jẹ́ kí n wo ìwé àkọsílẹ̀ wọn, wọ́n kọ́kọ́ fi ìwé funfun bo apá ibi tí orúkọ àwọn ọmọ wà. Ibà pọ̀ nígbà òjò, ìyẹn kò ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Inú rírun pọ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ ìdánwò, Màmá sì rẹ́rìn-ín sí ìyẹn. Ṣùgbọ́n ní ọ̀sẹ̀ kan, ọmọ mọ́kànlá ni ó wá pẹ̀lú ìgbẹ́ gbuuru láàárín ọjọ́ mẹ́ta. Màmá fún wọn ní omi oníyọ̀, ìyẹn lítà omi mímọ́ kan, ṣíbí kékeré ṣúgà mẹ́fà tí a rẹ́ lórí àti ààbọ̀ ṣíbí kékeré iyọ̀, wọ́n sì ń bi ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní ohun tí ó jẹ àti ibi tí ó ti mu omi. Ọ̀rọ̀ gbogbo wọn já sí ìkòkò omi kan tí kò ní ìdérí lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ìyá olóúnjẹ. Ẹlòmíràn ì bá lọ pariwo, kí ọjà obìnrin náà sì bàjẹ́ lójú àwọn ọmọ. Màmá dúró di ìgbà tí ọgbà dá, wọ́n jókòó ti onítọ̀hún, wọ́n sì bá a wá garawa oníẹ̀rọ tí ó ní ìdérí àti ọṣẹ. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ìwé náà kò sọ nǹkan kan nípa inú mọ́.

Àwọn ọmọbìnrin pàápàá wà nínú ìwé náà, àmì róbótó kan ṣoṣo ni Màmá fi ń kọ ọ̀rọ̀ tiwọn. Àwọn ni nǹkan oṣù wọn dé láìròtẹ́lẹ̀. Nínú kọ́bọ́ọ̀dù Màmá, aṣọ kaki méjì tí wọ́n ti fọ̀ tí wọ́n sì ti lọ̀ wà níbẹ̀ ní gbogbo ìgbà, kí ọmọ lè pààrọ̀ aṣọ kí ó sì padà sí kíláàsì dípò kí ó sá lọ sílé.

Mo mọ̀ pé láti ọdún 1972 ni wọ́n ti ń ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ fún nọ́ọ̀sì ilé-ẹ̀kọ́ ní Amẹ́ríkà, àti pé ọjọ́ kejìlá oṣù karùn-ún, ọjọ́ ìbí Florence Nightingale, jẹ́ ti gbogbo nọ́ọ̀sì àgbáyé. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fẹ́ mọ nọ́ọ̀sì tí ó ta yọ, kí ó lọ ka ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀, kí ó wò bóyá ó ń bi ara rẹ̀ léèrè ìdí tí àìsàn kan fi ń padà wá, tàbí oògùn nìkan ni ó ń pín.

Nígbà tí ẹgbẹ́ òbí fẹ́ ṣe àtúnṣe ìgbàgbé wa, ẹnì kan dá a lábàá pé kí a ra àǹkárá fún Màmá, ẹlòmíràn ní kí a fún wọn ní ìwé ẹ̀rí tí a fi gíláàsì bò. Wọ́n rán mi lọ béèrè. Màmá dúpẹ́, wọ́n sì ní bí ó bá jẹ́ tiwọn, aṣọ ìkélé ni kí a bá wọn ta yí bẹ́ẹ̀dì ká, kí ọmọ tí ó sùn má baà jẹ́ ìran wíwò fún ẹni tí ń kọjá. Wọ́n tún ní kí a ra ìwé àkọsílẹ̀ tuntun, èyí tí ó tóbi díẹ̀, nítorí pé ti ọwọ́ wọn ti kún, ẹ̀yìn ìwé ni wọ́n ti ń kọ nǹkan sí báyìí.