Ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tó wà lókè àjà kí ẹ tó gé ihò fún iná

Púpọ̀ nínú àwọn tó ń bi mí nípa iná tí a ń rì sínú àjà, ihò gígé ló ń bà wọ́n lẹ́rù. Ihò gígé kì í pẹ́ rárá. Ayùn róbótó tí wọ́n ń fi sẹ́nu dírílì á ti yí i ká kí ẹ tó mọ̀. Ohun tí mo kọ́ látìgbà tí mo ti ń fọwọ́ ara mi ṣe é nílé ni pé òkè àjà, níbi tí ojú kì í dé, ni iṣẹ́ gan-an wà.

Bí àyè bá wà láti gun òkè àjà, ẹ gbé tọ́ọ̀ṣì, kí ẹ gùn ún. Ẹ wo ibi tí àwọn igi àjà gbà, ẹ wo páìpù omi, ẹ wo waya. Bí kò bá sí àyè, ẹ pa iná ilé níbi bíréékà, kí ẹ lu ihò bíńtín síbi tí àárín iná máa wà. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ waya háńgà kan kọdọrọ, kí apá tó tẹ̀ gùn díẹ̀ ju ìdajì ìbú ihò tí ẹ fẹ́ gé lọ. Ẹ tì í bọ ihò náà, kí ẹ rọra yí i ká. Bó bá yí po láìkọlu nǹkan kan, àyè wà nìyẹn. Bó bá kọ́, igi tàbí páìpù wà níbẹ̀, ẹ sún ibi iná náà síwájú tàbí sẹ́yìn. Ihò bíńtín rọrùn láti dí. Igi àjà tí ayùn ti jẹ wọnú kò rọrùn láti tún ṣe, torí òun ló gbé àjà dúró.

Àwọn ilé kan ní òwú tí wọ́n tẹ́ sókè àjà kí ooru tàbí òtútù má baà wọlé. Ẹ yẹ ara iná náà wò bóyá wọ́n kọ IC sí i. IC ni àmì pé òwú lè fara kàn án. Èyí tí kò bá ní àmì yìí, òwú gbọ́dọ̀ jìnnà sí i, ó kéré tán íńṣì 3. Gílóòbù halogen àtijọ́ tó jẹ́ wáàtì 50 máa ń gbóná débi pé ó lè dáná sí nǹkan tó bá sún mọ́ ọn. LED tó ń tan ìmọ́lẹ̀ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá a dọ́gba kì í ju wáàtì 5 sí 7 lọ, ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ pé kí ẹ lo LED. Àmọ́ òun náà ní àpótí kékeré tó ń ṣètò iná fún un. Bí ooru bá há mọ́ àpótí yẹn, kì í pẹ́ bàjẹ́.

Àjà àtijọ́ tó bá ṣeé ṣe kó jẹ́ asbestos, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gé e. Eruku rẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, ìpalára rẹ̀ sì lè pẹ́ gan-an kó tó hàn.

Ní ti ibi tí iná máa wà, ẹ pín gíga àjà sí méjì: iye yẹn ni kí iná kan fi jìnnà sí èkejì. Àjà tó ga ní mítà 2.4, ẹ fi mítà 1.2 sáàárín wọn, kí ti ẹ̀gbẹ́ ògiri sì jìnnà sí ògiri ní ìdajì ìyẹn. Ilé ìdáná ni mi ò ti tẹ̀lé ìlànà yìí. Ibẹ̀ gba kí iná wà lókè etí tábìlì tí ẹ ti ń gé nǹkan. Bó bá wà lẹ́yìn yín, òjìji orí yín ló máa bo ohun tí ẹ ń fọ̀bẹ gé. Èyí ká mi lára nítorí ojoojúmọ́ lèèyàn ń dúró síbẹ̀.

Ó kan waya wàyí. Bíréékà gbọ́dọ̀ wà ní pípa, kí gbogbo ará ilé sì mọ̀ pé ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ tàn án. Ẹ fi tẹ́sítà kan ibi tó dájú pé iná wà, kí ẹ rí i pé tẹ́sítà ń ṣiṣẹ́, kí ẹ fi kan waya tí ẹ fẹ́ fọwọ́ kàn, kí ẹ tún padà fi kan ibi àkọ́kọ́. Ẹ má gbọ́kàn lé àwọ̀ waya nìkan. Ní Yúróòpù, búráùn ni láìfù, ìyẹn waya tó ń gbé iná wá, búlúù ni níútírà, ìyẹn waya tí iná ń gbà padà. Ní Amẹ́ríkà, dúdú ni láìfù, funfun ni níútírà. Àmọ́ waya búlúù tàbí funfun tó bá lọ síbi súìṣì lè gbé iná. Ibi tí waya ti so pọ̀ gbọ́dọ̀ wà nínú àpótí tó ní ìdérí. Kí ẹnikẹ́ni má fi téèpù wé e, kó sì jù ú sókè àjà bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá rí waya tí rọ́bà rẹ̀ ti ń fọ́, tàbí tí ẹ ò rí waya ẹ́ẹ̀tì, ìyẹn waya ààbò tó so mọ́ ilẹ̀, ẹ dúró, kí ẹ pe oníná tó ní ìwé àṣẹ.

Ìwọ̀n ihò wà lára páálí iná; ẹ má fi ojú iná wọ̀n ọ́n, nítorí ojú rẹ̀ máa ń fẹ̀ ju ihò lọ kó lè bo etí rẹ̀. Ẹ wọ awò ojú àti ìbòmú. Tí ẹ bá ń ti iná wọlé, ẹ di sípíríǹgì méjèèjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ mú sókè títí wọ́n á fi kọjá etí ihò, kí ẹ sì yọ ìka kúrò kíákíá, torí ó máa ń ta gan-an. Ẹ ra gbogbo iná yàrá kan ní àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ kan náà; nọ́ńbà tó ní K lára páálí ló ń sọ àwọ̀ náà. 2700K sí 3000K ló tu ojú lára jù ní yàrá àti pálọ̀. Bí súìṣì yín bá jẹ́ irú èyí tó ń dín ìmọ́lẹ̀ kù, ẹ wo ara páálí bóyá LED náà gbà á, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ á máa ṣẹ́jú ṣáá.