Ohun tí 'w' tí a kì í pè kọ́ mi

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ń múra láti lọ ṣe TP, ìyẹn ìdánrawò iṣẹ́ olùkọ́, ọdún kejì mi lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. JSS 2 ni mo ń kọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́jọ́ náà. Mo kọ 'write', 'wrong', 'wrist' àti 'wring' sójú pátákó, mo ní kí wọ́n há wọn sórí. Ọmọkùnrin kan tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé nawọ́ sókè. "Sà, tí a kò bá ní í pe 'w' yẹn, kí ló wá ń ṣe níbẹ̀?" Mo ní kó jókòó, pé bí òyìnbó ṣe ń kọ ọ́ nìyẹn. Kíláàsì rẹ́rìn-ín. Ọmọ náà jókòó, ṣùgbọ́n ìbéèrè rẹ̀ bá mi dé ilé.

Àṣé àwọn ará Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ayé àtijọ́ ń pe 'w' náà dáadáa ni. Nígbà tí William Caxton gbé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé dé Westminster lọ́dún 1476, ó ṣì wà lẹ́nu wọn. Ìwé títẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ sí í so ọ̀nà tí wọ́n ń gbà kọ ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀. Nígbà tó fi máa di nǹkan bí ọdún 1700, ọ̀pọ̀ ẹnu ti jù ú nù, ìwé kò sì jù ú nù. Bẹ́ẹ̀ náà ni 'k' inú 'knee' àti 'knife'.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì omi wọ kíláàsì, mo ki tówẹ́ẹ̀lì kan bọ̀ ọ́, mo sì pe ọmọ náà síta. "Fún un." Ó fún un, omi dà sílẹ̀ wàà. "Kí lo ṣe sí i?" "Mo lọ́ ọ ni, sà." Mo ní ìyẹn ni 'wring'. "Kí lo fi lọ́ ọ?" Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀, ó fi ọrùn ọwọ́ hàn mí. 'Wrist' nìyẹn, ibi tó ń yí lára ọwọ́. Láti ibẹ̀ ni àwọn yòókù ti ń tẹ̀ lé ara wọn: 'wrestle', ẹni méjì tí wọ́n ń lọ́ ara wọn, 'wreath', òdòdó tí a lọ́ bí òrùka, 'wrinkle', ara tó hunjọ, 'wrench', irinṣẹ́ tí àwọn mẹkáníìkì wa ń pè ní sípánà. Lílọ́ ni gbogbo wọn.

'Wrong' ló dùn mọ́ mi jù. Àwọn Viking, ìyẹn àwọn jagunjagun orí omi láti Scandinavia, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ya bo Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní nǹkan bí ọdún 793, ni èdè wọn bí i, ìtumọ̀ rẹ̀ nígbà náà sì ni ohun tó wọ́. 'Right' ní tirẹ̀ jẹ́ ohun tó gún régé. Mo ní kí wọ́n wo èdè tiwa: igi tọ́, ọ̀rọ̀ náà sì tọ́; ọ̀nà wọ́, ìwà náà sì wọ́. Ibẹ̀ ni ọmọbìnrin kan ti pariwo láti ẹ̀yìn: "Sà! Wọ́rọ́kọ́ náà ní 'w' àti 'r'! Ṣé òyìnbó jí i lọ́wọ́ wa ni?" Kíláàsì dàrú. Igi wọ́rọ́kọ́ ti da iná rú.

Mo kọ ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀ sójú pátákó. Lẹ́tà mẹ́ta kan náà ni. Ṣé ọkọ ìyàwó ló bí ọkọ́ tí bàbá yín fi ń roko, àbí ọkọ̀ tó ń lọ sí Ìbàdàn ló bí ọ̀kọ̀ ogun? Wọ́n ní rárá. Mo ní kò sí ohun tó pa wọ́rọ́kọ́ àti 'wrong' pọ̀.

Ẹnu tí mo fi sọ ìyẹn náà ni mo fi sọ, láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí i, pé 'write' wà nínú ìdílé lílọ́, nítorí pé ọwọ́ ń yí bí a bá ń kọ̀wé. Kò sẹ́ni tó sọ ọ́ fún mi. Ó kàn dùn lẹ́nu mi ni. Mo délé, mo yẹ̀ ẹ́ wò: fífá àti gígé ni 'write', bí wọ́n ṣe ń gé àmì sára igi àti òkúta kí bébà tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Mọ̀lẹ́bí rẹ̀ ní Jámánì ni 'ritzen', kí a fi ohun mímú fá nǹkan. Ohun tó tiẹ̀ bí mi nínú ni pé ìdáhùn wà lẹ́nu mi láti kékeré. Olóòlà ń kọ ilà, akọ̀wé ń kọ ìwé. Mo padà lọ sọ fún kíláàsì pé mo ṣì wọ́n lọ́nà. Ọmọ ẹ̀gbẹ́ fèrèsé yẹn kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rín kan tí n kò fẹ́ràn.

Àwọn kan tún wà tí wọn kò sí nínú ìdílé lílọ́. 'Wretch' jẹ́ ẹni tí wọ́n lé kúrò nílùú. 'Wright' jẹ́ oníṣẹ́ ọwọ́, mọ̀lẹ́bí 'work'. 'Wyrhta' ni tẹ́lẹ̀ kí 'r' tó fò lọ síwájú. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó ń kọ eré orí ìtàgé fi jẹ́ 'playwright'. Mo ti kọ 'playwrite' rí nínú ìdánwò kan lórí Ṣóyínká, tíṣà fi bírò pupa fà á ya.

Nítorí náà, kí ẹ tó fi irú nǹkan báyìí kọ́ ọmọ ọlọ́mọ, ẹ wo bí ọ̀rọ̀ náà ti rí láyé àtijọ́ àti ohun tó túmọ̀ sí nígbà yẹn, kí ẹ sì wo ilé àwọn aládùúgbò rẹ̀. Àwọn ará Netherlands ṣì ń kọ 'wringen' pẹ̀lú 'w', wọ́n sì ń pè é. Jámánì ti sọ tirẹ̀ nù: 'ringen' ni ìjàkadì lọ́dọ̀ wọn. Swídìn ń pe lílọ́ ní 'vrida'. Tí ìwé bá ní a kò mọ orírun ọ̀rọ̀ kan, ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ má fi ẹnu dídùn dí àlàfo.

Ní táàmù tó tẹ̀ lé e, ọmọ náà tún nawọ́ sókè. 'Gh' inú 'night' ló fẹ́ mọ̀. Mo ní kó fún mi ní ọjọ́ mẹ́ta.