Owó ẹyọ ò ti inú òkun wa jáde

Mo rí àwọn kan tó ń jà lórí íntánẹ́ẹ̀tì pé kí òyìnbó tó dé, àwa ò mọ nǹkankan nípa bísínẹ́ẹ̀sì àgbáyé, pé ìkarahun lásán la fi ń ra iṣu, a kàn ń ṣà á létí òkun bí ọmọdé tó ń ṣeré yanrìn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ sétí òkun Badagry kẹ́ ẹ lọ ṣà á wò, tẹ́ ẹ bá rí irú owó ẹyọ táwọn baba ńlá wa ná, ẹ pè mí. Kò sí níbẹ̀ jàre. Maldives ló ti wá, àwọn erékùṣù kéékèèké tó wà nínú òkun Íńdíà lọ́hùn-ún.

Kíkó ẹyọ nínú òkun, iṣẹ́ obìnrin ni lọ́dọ̀ wọn. Wọ́n á ju imọ̀ àgbọn sómi, ẹyọ á rìn wá so mọ́ ọn, wọ́n á fà á sókè, wọ́n á rì í mọ́ inú yanrìn títí ẹran inú ẹ̀ á fi jẹrà, wọ́n á wá fọ̀ ọ́. Àwọn ará Bengal á gbé ìrẹsì wá, wọ́n á fi gba ẹyọ lọ, torí owó làwọn náà ń fi ṣe. Ibn Battuta, arìnrìn-àjò kan láti Morocco, gbé Maldives ní nǹkan bí ọdún 1343 sí 1344, ó ní 400,000 ẹyọ ni wọ́n ń ṣẹ́ sí dínárì wúrà kan níbẹ̀, nígbà míì gan-an ó máa ń jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tó wá dé Mali àti Gao ní bí ọdún mélòó kan lẹ́yìn ìyẹn, 1,150 péré ti tó dínárì kan. Ẹ ṣírò èrè yẹn fúnra yín. Kò tíì sí ọkọ̀ Potogí kankan létí òkun wa nígbà yẹn o, aṣálẹ̀ ni wọ́n ń gbà kó o wọlé.

Ìgbà táwọn òyìnbó wá gba òkun ni nǹkan yí padà. Potogí ló kọ́kọ́ gbé e wá, àwọn Dutch àti Gẹ̀ẹ́sì wá sọ ọ́ di nǹkan ńlá. Ìsàlẹ̀ ọkọ̀ ni wọ́n máa ń kó o sí láti Íńdíà kí ọkọ̀ má baà dojú dé, wọ́n á to aṣọ àti tíì lé e lórí, tí wọ́n bá dé Amsterdam tàbí London wọ́n á lu ú ní gbàǹjo, àwọn oníṣòwò ẹrú á rà á, ó di Ouidah, èbúté kan ní orílẹ̀-èdè Benin òní. Láàárín ọdún 1700 sí 1790 nìkan, ẹyọ tí wọ́n kó wọ Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà lé ní 10 bílíọ̀nù. Èèyàn ni wọ́n ń fi púpọ̀ nínú ẹ̀ rà.

Ibí yìí ló máa ń dùn mí sí jù nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ìtàn kan wà tí wọ́n máa ń sọ ní Benin àti Togo, pé òkun ni wọ́n ti ń pẹja owó ẹyọ, pé wọ́n máa ń ju òkú ẹrú sínú omi, ẹyọ á wá bò ó, á máa jẹ ẹ́, wọ́n á wá fà á sókè kí wọ́n tó ṣà á kúrò lára ẹ̀. Òyìnbó tó bá gbọ́ á ní ìtàn àwọn tí ò lajú ni. Ó dáa, ẹyọ kì í jẹ èèyàn lóòótọ́. Àmọ́ ẹ gbé ìwé ìṣirò oníṣòwò London kan kalẹ̀, ìwọ̀n ẹrù, iye pọ́n-ùn, orúkọ ọkọ̀, ẹ wá gbé ìtàn yìí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, kẹ́ ẹ sọ fún mi èwo ló sọ ibi tí owó yẹn ti wá gan-an. Àwọn anthropologist, ìyẹn àwọn tó ń ṣèwádìí àṣà àti ìgbé ayé ẹ̀dá, ò pa irú ìtàn báyìí tì, wọ́n ń gbọ́ ọ bí ẹni ń gbọ́ ẹjọ́, mo sì rò pé ohun tí wọ́n fi ju àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé lọ nìyẹn.

Àwọn náà ṣì máa ń ṣàṣìṣe sha. Ó pẹ́ tí wọ́n ń pe irú owó wa lówó aláìlajú, bíi pé kì í ṣe owó gidi. Ó lè jọ bẹ́ẹ̀ níbòmíì. Paul Bohannan, anthropologist ará Amẹ́ríkà kan, gbé láàárín àwọn Tiv, ó rí i pé oúnjẹ àti ewúrẹ́ wà ní ìsọ̀rí tiwọn, ọ̀pá idẹ àti màlúù wà ní tiwọn, ọ̀rọ̀ fífi obìnrin fọ́kọ wà lọ́tọ̀, ìtìjú sì ni kéèyàn fi ọ̀pá idẹ ra iṣu. Lọ́dọ̀ tiwa ńkọ́? Ẹyọ ra àkàrà, ó ra ẹṣin, ó san owó orí ìyàwó, ó san gbèsè ìwọ̀fà. Ogójì lórí okùn kan, àádọ́ta okùn di ẹgbàá, ẹgbàá mẹ́wàá di ọ̀kẹ́ kan, ọ̀kẹ́ kan sì tó nǹkan bíi kílò 25 lórí aláàárù. Wọ́n tún ń fi pàrokò: tó o bá rí méjì tí wọ́n so lójúkojú, ọ̀rẹ́ lẹni tó rán an sí ẹ, tó bá jẹ́ pé wọ́n kẹ̀yìn síra wọn, o ti mọ̀.

Ohun tó wá pa owó ẹyọ ni epo pupa. Òwò ẹrú ń kú lọ, ilẹ̀ òyìnbó ń fẹ́ epo fún ọṣẹ àti fún ẹ̀rọ, àwọn ilé iṣẹ́ kan láti Hamburg ní Jámánì wá rí i láàárín ọdún 1840 sí 1849 pé ẹyọ míì wà ní Zanzibar, lápá ìlà oòrùn Áfíríkà, ó tóbi jù, ó wúwo jù, àmọ́ ọ̀pọ̀ ni. Ni wọ́n bá ń kó o wá, ọkọ̀ lórí ọkọ̀, wọ́n ń dà á sí Ouidah, Badagry àti Èkó, wọ́n ń fi gba epo. Èrè tiwọn pọ̀, tiwa ni pé ọjà wọ́n, ẹni tó tọ́jú ọ̀kẹ́ mẹ́wàá sábẹ́ ibùsùn wá rí i pé kò ra ìdajì ohun tó ń rà tẹ́lẹ̀, aláàárù gan-an ń gba owó tó fẹ́ẹ̀ tó iye ẹrù tó rù. Kò sí ọba kankan níbí tó lè sọ pé ó tó, torí kò sí lọ́wọ́ wọn, ẹni tó ń kó owó wọlé ò sí nínú ìlú.

Ní 1904 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fòfin de kíkó ẹyọ wọlé, wọ́n ti ní ṣílè tiwọn tí wọ́n fẹ́ ká máa ná. Lápá ìlà oòrùn níbi tí wọ́n ti ń ná manilla, owó onírin tó dà bí ẹ̀gbà ọwọ́, ìjọba rà á padà lọ́wọ́ àwọn èèyàn ní 1948. Ẹyọ ò rí irú ẹ̀. Wọ́n kàn pa á tì ni, ẹni tó ní ọ̀kẹ́ ogún nílé mọ ohun tó máa fi ṣe.