Obìnrin tó ń dá gun kẹ̀kẹ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́

Láti ìgbà tí mo ti ń gun kẹ̀kẹ́ ológeere lọ sí ilé ẹ̀kọ́ tí mo ti ń ṣiṣẹ́, ìbéèrè kan náà ni àwọn obìnrin ẹlẹgbẹ́ mi máa ń bi mí: ṣé ẹ̀rù kì í bà mí láti dá wà lójú ọ̀nà ni? Ọkùnrin tí yóò yọ láti inú igbó ni wọ́n ní lọ́kàn. N kò ní sọ pé irú ewu bẹ́ẹ̀ kò sí, nítorí a jọ ń gbọ́ ìròyìn ni, ṣùgbọ́n bí mo bá to àwọn ohun tó lè ṣe mí ní jàǹbá tẹ̀ léra wọn, ọkọ̀ ni yóò ṣíwájú, òkùnkùn yóò tẹ̀ lé e, ọkùnrin inú igbó yóò sì wà lẹ́yìn pátápátá. Mo fẹ́ ṣàlàyé bí mo ṣe ń ṣọ́ra fún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, mo sì fẹ́ pẹ́ díẹ̀ lórí ohun kan tí n kì í sábà gbọ́ lẹ́nu àwọn tó ń gbani nímọ̀ràn: pé ojú àwọn ará ẹ̀bá ọ̀nà ni ààbò tó tóbi jù lọ tí obìnrin tó ń dá gun kẹ̀kẹ́ ní.

Ọ̀nà tó ti Ìbàdàn àti Ọ̀yọ́ gba ìlú wa kọjá lọ sí Ìlọrin wà lára àwọn ọ̀nà tí tírélà fi ń kó ẹrù láti Èkó lọ sí òkè Ọya. Afẹ́fẹ́ tí tírélà ń dà sílẹ̀ bó bá ń kọjá lára kẹ̀kẹ́ kì í ṣe kékeré: yóò kọ́kọ́ ti ènìyàn sí apá igbó, lẹ́yìn náà ni yóò wá fà á padà sí àárín títì. Ìfà yẹn ló ń pa ẹni tí kò mọ̀ pé ó ń bọ̀. Nítorí náà, bí mo bá ti gbọ́ ìró rẹ̀ lẹ́yìn, mo máa ń di ọwọ́ kẹ̀kẹ́ mú ṣinṣin, n ó sì dẹ ẹsẹ̀ díẹ̀ títí yóò fi kọjá. Níbi tí etí ọ̀dà bá ti jẹ, tí ọ̀dà sì ga ju ilẹ̀ lọ, n kì í dúró de tírélà rárá. Mo ti sọ̀ kalẹ̀ kó tó dé. Kò sí ìtìjú nínú kí a fa kẹ̀kẹ́ lọ́wọ́.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló gbà pé ó yẹ kí ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́ kọjú sí ọkọ̀ kí ó lè rí ohun tó ń bọ̀. Ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn ni ìyẹn bá mu. Láti ọjọ́ 2 oṣù Kẹrin ọdún 1972 ni Nàìjíríà ti fi wíwa ọkọ̀ ní ọwọ́ òsì sílẹ̀ tó bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún, ọwọ́ ọ̀tún yẹn náà sì ni ti kẹ̀kẹ́. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀: bí mo bá ń sá kìlómítà 20 ní wákàtí kan, tí ọkọ̀ kan ń sá 80 bọ̀ lẹ́yìn mi, 60 ni ó fi ń lé mi bọ̀, bí mo bá kọjú sí i, 100 ni a fi ń sáré pàdé ara wa, kò sì ní sí àyè fún awakọ̀ láti yà. Ẹni tó ń ti inú àdúgbò bọ́ sí títì pẹ̀lú, apá ibi tí ọkọ̀ ti ń bọ̀ nìkan ló ń wò. Kẹ̀kẹ́ tó bá gba òdì kejì yóò dé iwájú rẹ̀ kó tó mọ̀.

Ní Tákíé, láàárín ìlú wa, níbi tí gbogbo nǹkan ti ń fún mọ́ra, ìṣọ́ra mìíràn ló yẹ. Mo máa ń fi tó mítà kan sílẹ̀ láàrin èmi àti ọkọ̀ tó bá dúró, nítorí ilẹ̀kùn rẹ̀ lè ṣí nígbàkigbà. Ní ti àwọn oní-Màrúwá tó ń wá èrò, n kì í wo ojú wọn, taya iwájú wọn ni mò ń wò. Taya yóò ti yà kí awakọ̀ tó rántí pé ó yẹ kóun wẹ̀yìn.

Ọ̀rọ̀ aṣọ kò gùn. Mo ń wọ ṣòkòtò sábẹ́ yẹ̀rì, mo sì ń fi rọ́bà di ẹsẹ̀ rẹ̀ ti apá ọ̀tún, níbi tí ṣéènì wà. Ẹni tó ń lo ìbòrí gígùn tàbí ìbọ̀rùn, kí ó kì í bọ inú aṣọ kí afẹ́fẹ́ má baà gbé e lọ sínú ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́. Mo ń dé àṣíborí, mo sì ń wọ àwọ̀lékè aláwọ̀ ọsàn tó máa ń dán bí iná ọkọ̀ bá tàn sí i. Àwọn kan tilẹ̀ rò pé òṣìṣẹ́ ìjọba ni mí nítorí àwọ̀lékè náà, n kò sì tíì sọ fún wọn pé bẹ́ẹ̀ kọ́.

Òkùnkùn kì í fi bẹ́ẹ̀ kéde ara rẹ̀ ní ilẹ̀ wa. Ní oṣù Kọkànlá, oòrùn máa ń wọ̀ ní nǹkan bí aago 6:20 ìrọ̀lẹ́. Ní oṣù Keje, ó lè kọjá aago 7 díẹ̀. Kí ìdajì wákàtí tó pé lẹ́yìn èyí, ilẹ̀ ti ṣú. Obìnrin tó ti mọ́ lára láti máa kúrò níbi iṣẹ́ ní aago 6:30 nígbà òjò yóò bá ara rẹ̀ nínú òkùnkùn nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, bẹ́ẹ̀ ni kò yí ohunkóhun padà. Bí ọyẹ́ bá wá dé, eruku rẹ̀ lè bo ojú ọ̀nà ní òwúrọ̀ débi pé awakọ̀ kò ní rí ẹni tó wà níwájú rẹ̀ títí yóò fi sún mọ́ ọn. Iná funfun níwájú àti iná pupa lẹ́yìn kì í ṣe ọ̀ṣọ́, ti ẹ̀yìn ló sì ṣe kókó jù, nítorí ẹ̀yìn ni ojú wa kò dé.

Ní báyìí, mo fẹ́ sọ ti ojú àwọn ènìyàn. Nígbà tí mo kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, mo rí i pé bí mo bá ń sáré kọjá láìwo ẹnikẹ́ni, àlejò ni mí lójú gbogbo ènìyàn, ohun tó bá sì ṣẹlẹ̀ sí àlejò, ìran ni. Nítorí náà ni mo fi ìkíni ṣe iṣẹ́. Mo máa ń kí àwọn tó ń dirun lábẹ́ àtíbàbà pé “Ojú gbooro o,” wọn a sì dáhùn pé “Òòyà á yà.” Mo máa ń kí ìyá tó ń din àkàrà ní ẹnu ọ̀nà àdúgbò wa, mo sì ń kí ọ̀gbẹ́ni tó ń lẹ taya. Bí mo bá dé ibi tí oko ti bẹ̀rẹ̀, “Àroko bọ́dún dé o” ni mo ń ké sí àwọn àgbẹ̀, kódà àwọn tó jìnnà sí títì.

Ìṣòro kan wà níbẹ̀ tí ọmọ Yorùbá yóò tètè lóye. Obìnrin kì í dúró ṣánṣán kí àgbà, bẹ́ẹ̀ ni kò sí bí a ṣe lè kúnlẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́. Ohun tí mo ṣe ni pé mo sọ̀ kalẹ̀ ní ìgbà àkọ́kọ́ tí mo kí ẹni kọ̀ọ̀kan tó dàgbà, mo kúnlẹ̀ dáadáa, mo sọ ibi tí mo ń gbé àti ibi tí mò ń ṣiṣẹ́ fún àwọn tí ọkàn mi gbà, mo sì tọrọ gáfárà pé láti ìgbà náà lọ, orí nìkan ni n ó máa tẹ̀ ba. Kò sí ẹni tó bínú. Bàbá kan tilẹ̀ dáhùn pé, “Máa lọ jàre, ọmọ mi, má jẹ́ kí kẹ̀kẹ́ gbé ọ ṣubú nítorí tèmi.” Àárín wọn ni orúkọ Àǹtí Oníkẹ̀kẹ́ ti jáde.

Àǹfààní rẹ̀ hàn sí mi nígbà tí ibà dá mi dùbúlẹ̀. Ọjọ́ tí mo padà sójú ọ̀nà, ìyá alákàrà dá mi dúró: “Àǹtí, a ò rí yín láti ọjọ́ mélòó kan. Mo ti rán ọmọ mi lọ sí súkúù yín láti béèrè.” Kò sí ẹ̀rọ tí mo lè rà tó lè ṣe irú iṣẹ́ yìí. WhatsApp lè fi ibi tí mo wà han àbúrò mi fún ìṣẹ́jú 15, wákàtí kan tàbí wákàtí 8, mo sì ń lò ó, ṣùgbọ́n nẹ́tíwọ́ọ̀kì máa ń lọ, bátìrì sì máa ń kú.

Ẹnìkan lè béèrè pé bí gbogbo ayé bá mọ àkókò tí mò ń kọjá, ǹjẹ́ ẹni ibi náà kò ní mọ̀ ọ́n? Ìbéèrè gidi ni. Èrò tèmi ni pé kí a yà á sí ọ̀nà méjì. Níbi tí ilé àti ìsọ̀ bá wà, mo ń jẹ́ kí wọ́n mọ àkókò mi. Níbi tí kò bá sí ènìyàn, mo ń pààrọ̀ ọ̀nà, mo sì ń yí àkókò padà, nítorí ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ẹni tí n kò mọ̀ tó bá sì béèrè ibi tí mò ń lọ, “Iwájú níbí” ni ìdáhùn mi, pẹ̀lú ẹ̀rín.

Àwọn ọlọ́kadà kan wà tí wọn yóò rọra máa bá ènìyàn lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́, tí wọn yóò máa sọ ìsọkúsọ. Bí ó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹnu lásán, n kì í fèsì. Bí ó bá di pé ó ń tẹ̀ lé mi, n kì í yà sí àdúgbò tó dákẹ́, n kì í sì í lọ sílé, kó má baà mọ ilé mi. Ìsọ̀ tí ènìyàn bá pọ̀ sí jù ni mò ń yà sí, n ó sì pariwo bá wọn sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ti ní àdéhùn pẹ̀lú wọn. Kò tíì sí èyí tó tẹ̀ lé mi wọlé síbẹ̀. Bí ó bá jẹ́ olè ló dúró síwájú, kẹ̀kẹ́ àti fóònù ni kó máa gbé lọ.

Taya tó jò ló ń dá obìnrin dúró nínú igbó ju bí ọkùnrin ibi ṣe ń dá a dúró lọ. Mo máa ń gbé túùbù kan, pọ́ǹpù kékeré àti irin tí a fi ń ṣí taya dání, ṣùgbọ́n n kì í tún un ṣe níbi tó ti jò bí ibẹ̀ bá dá. Mo ń fà á dé ibi tí ènìyàn wà, kódà bí irin ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò bàjẹ́.

Ní ti àwọn ọ̀nà tó jìn, bíi ti apá Ìkòyí-Ilé, n kì í dá lọ láìjẹ́ pé mo kọ́kọ́ béèrè ní ibùdó àwọn ọlọ́kadà ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà gan-an. Àwọn ló mọ ibi tí afárá ti já àti ibi tí kò fọkàn wọn balẹ̀. Ọ̀nà tí ọlọ́kadà bá kọ̀ láti ná pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì, kí ni n ó fi ẹsẹ̀ mi méjèèjì lọ wá níbẹ̀?

Bí ọkọ̀ bá wá gbá ẹni, nọ́ńbà ọkọ̀ náà ni kí a kọ́kọ́ mú, tàbí kí a ní kí ẹni tó wà nítòsí mú un. Nọ́ńbà pàjáwìrì orílẹ̀-èdè wa ni 112, ti àwọn Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó sì ni 122. Ìwé pélébé kan wà nínú àpò mi tí mo kọ orúkọ mi, irú ẹ̀jẹ̀ mi àti nọ́ńbà ènìyàn méjì sí, nítorí fóònù tí a fi nọ́ńbà àṣírí tì pa kò wúlò fún ẹni tó ń gbé mi lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹni tí orí rẹ̀ bá sì kan ilẹ̀, bí kò tilẹ̀ sẹ̀jẹ̀, tí orí ń fọ́ ọ, tó ń bì, tàbí tí oorun ń kùn ún lódìlódì, kí wọ́n má gbé e lọ sílé láti lọ sinmi. A ní ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ Bowen àti ti LAUTECH nínú ìlú. Ọjọ́ náà ni kí wọ́n gbé e dé ọ̀kan nínú wọn.