Ọwọ́ Bàámi nínú dígí

Láàárọ̀ yìí ní físíò, níbi tí wọ́n ti ń fi eré ìdárayá tọ́jú ara, wọ́n gbé dígí sáàárín ọwọ́ Bàámi méjèèjì. Èyí òsì tí rọpárọsẹ̀ mú wà lẹ́yìn dígí. Wọ́n ní kí Bàámi máa ṣí ọwọ́ ọ̀tún, kí wọ́n máa dì í, kí ojú wọn má kúrò nínú dígí, kí ọpọlọ lè rò pé òsì ló ń ṣiṣẹ́.

Èmi rò pé eré ọmọdé ni. Àfi bí àtàǹpàkò òsì ṣe mì! Díẹ̀ báyìí. Nọ́ọ̀sì pàtẹ́wọ́. Bàámi bú sẹ́rìn-ín: “Ẹ ò rí ọ̀lẹ yìí? Ṣebí ó ń sùn látọjọ́ yìí ni!”

Ẹ̀yin tí ẹ ń tọ́jú ẹni tí rọpárọsẹ̀ mú, ṣé wọ́n ti lo dígí fún tiyín rí?